Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá

Ìwé náà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.
Àwọn ológun òfurufú Kánádà ló tẹ̀ ẹ́
nígbà tí yìnyín sé ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ wọn
ní ibùdó àríwá tí oòrùn ń sá fún.
Kò sí pápá, kò sí irin gbígbé,
àfi ilẹ̀ pákó, àfi aago, àfi ara ẹni.
Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nàró, dọ̀bálẹ̀,
fọwọ́ ti ilẹ̀ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ ṣí,
sáré lójú kan.

Wasyl, bàbá mi àgbà, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe níbẹ̀,
kórìíra rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń kórìíra àgbo.
Ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọba,
ó padà sóko àlìkámà ní Saskatchewan, ó ní,
“Ó tán! N kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.”
Ó ki ìwé náà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

Olesia, ìyàwó rẹ̀, ló fà á yọ.
Ọmọ mẹ́rin, màlúù mẹ́sàn-án:
ó ń wá ìṣẹ́jú mọ́kànlá tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.
Ti ọkùnrin ni ìwé náà. Kò bèèrè.
Ó tilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ká yẹ̀rì sókè,
ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù,
tábìlì ń mì, tíì ń dànù.

Nígbà tó yá, ayé gbọ́.
Wọ́n ń tà á nílé epo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣingọ́ọ̀mù;
akọ̀wé báńkì ń sáré lójú kan nínú pajámà.
Ohun tí wọ́n ṣe nítorí ogun
wá di ohun tí à ń fi lé ikùn lọ.

Lónìí ẹ̀gbọ́n mi Danylo ń sanwó lóṣooṣù
kí ọmọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò ológun,
tí kò jagun rí,
lè máa jágbe mọ́ ọn.
Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń jágbe mọ́ Wasyl.

Àmì pẹ́ńsù kún etí ìwé náà, ọjọ́ kan, àmì kan.
Mo wá ọjọ́ tí a sin bàbá àgbà,
nínú oṣù kejì, tí òtútù ń bu ni jẹ.
Àmì méjì ló wà níbẹ̀.
Mo bi ìyá àgbà. Ó ń bó pòtétò, kò gbójú sókè.
“Mo ṣe tirẹ̀ mọ́ ọn. Gbèsè ọba ló jẹ.”
Lẹ́yìn náà ó ní kí n wá bá òun di tábìlì mú.