Ohùn Ìfági Mi Wà Nínú Rẹ̀

Pósí ni mo ń kàn ní Ìjọ̀kà, l'Ákùúrẹ́.
Bí ó bá ń ti ẹlòmíì lójú láti wí i, kò tì mí.
Yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ mi ni àwọn mẹ́rin yẹn háyà,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lóṣù, tí wọn ò san pé rí.

Òru Kejì ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn.
Fadérera ló ń kọrin. Oríyọmí a gbá jìtá mú
bí ẹni gbá ewúrẹ́ tó fẹ́ já okùn mú.
Akínfọlárìn ń lu ìlù. Ọmọ Ìjàrè kan,
mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, ló ń ta jìtá olókùn nínípọn,
èyí tí kì í sọ̀rọ̀, tó kàn ń kùn nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Aṣọ dúdú. Bàtà dúdú. Kóòtù òkìríkà
tí wọ́n pa láró lẹ́ẹ̀mejì, nínú oòrùn oṣù kejì!
Tìróò ni wọ́n fi kun ojú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, tọkùnrin tobìnrin,
òógùn a sì fà á wálẹ̀ bí ẹni ń sunkún òkú àna.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ta ló kú?"
Fadérera ní, "Bàbá, ẹ ṣáà máa kan tiyín."

Orí pákó mi ló jókòó sí kọ orin náà,
orí ìdérí kan tí ẹni tó ni ín kò tíì wá gbé.
"Fìtílà Kú, Ẹ Má Tàn Án." Orin kan péré.
Ó ní nígbà tí ìyá òun dákẹ́ ní ọsibítù,
gbogbo ayé ló ń sọ pé kí òun nujú,
kò sẹ́ni tó ní: jókòó sínú òkùnkùn náà díẹ̀,
èmi náà á jókòó.

Alẹ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, iná lọ.
Wọ́n yá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ó ń wúkọ́.
Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.
Òkú kan ń bọ̀ láti Ìjù lówùúrọ̀, mo ń fági:
ṣáà. Ṣáà. Ṣáà.
Mo rò pé wọ́n á bú mi.
Oríyọmí yọjú, tìróò ti dé àgbọ̀n:
"Bàbá, ẹ má dúró o. Ẹ má dúró."

Rédíò gbé e lẹ́ẹ̀kan, aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní kí ẹni tẹ́rù bá ń bà pa rédíò rẹ̀.
Ìyàwó mi pa á. Mo tún tàn án.
Pásítọ̀ ní ẹ̀mí òkùnkùn ni.
Ọmọ tó ń sunkún ìyá rẹ̀ ló wá di ẹ̀mí òkùnkùn?
Èmi mọ òkùnkùn, a jọ ń dúnàádúrà ni:
ó máa ń wọ léèsì funfun, ó máa ń bèèrè pósí tó dán jù
fún ẹni tí kò ra oògùn fún.

Ẹgbẹ́ túká lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Kò sí ìjà.
Akínfọlárìn ń tún fóònù ṣe n'Ílé-Olújì,
Oríyọmí ní òun ń lọ Kùtọnu, kò pè mọ́.
Wọ́n jẹ mí lówó oṣù márùn-ún.
Wọ́n fi kóòtù kan kọ́ sórí ìṣó.

Lánàá Fadérera ń kọjá, ó pọn ọmọ,
ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń fági lọ́wọ́.
Kò kí mi. Ó kàn ń fi ẹsẹ̀ kà á nílẹ̀,
títí mo fi dé etí pákó.
Ìgbà náà ló tó ní,
"Bàbá, ẹ ti yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."