Ahọ́n Karùn-ún

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa ní Ọ̀mùò
ni bàbá mi fi kan agídìgbo rẹ̀.
Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A kàn jí láàárọ̀,
a bá ewúrẹ́ nídìí ààrò,
ó ń jẹ èèpo iṣu.

Irin agboòrùn màmá, tó ti kú lọ́dún kẹta,
ló fi ṣe ahọ́n rẹ̀.
Ó pọ́n ọn lórí òkúta, ó tẹ́ ẹ, ó tún pọ́n ọn.
Nínú márùn-ún, mẹ́rin ló dún.
Ìkarùn-ún yadi.
“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni Fátúnlà bàbá mi wí,
“ilé wo ni kò ní ẹni tó dákẹ́?”

Ozovehe, ará Òkènè tó ń kọ ebè lóko wa,
a máa wá jókòó sẹ́sẹ̀ ògiri lálaalẹ́,
iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà léèékánná rẹ̀.
Nínú ẹ̀ka èdè wa, “ulé” nìkan ló mọ̀ ọ́n pè.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ó nàka sí ahọ́n tó yadi,
ó mi orí,
ó fa ṣíbí ìjẹun rẹ̀ yọ lápò,
ó ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, pàá!
Wọ́n jọ fi fáìlì ha á títí àkùkọ fi kọ.

Ohùn tó jáde wúwo díẹ̀, ó ń lọ́ra
bí àlejò tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.
Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́.
Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé ìrẹsì wá.
Ọwọ́ ni Ozovehe fi jẹ tirẹ̀.

Òjò ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.
Kò sí agboòrùn nílé.
A tẹ́ ẹní fún un.