Lórí Bẹ́ǹṣì ní Òkè-Mọ́sàn

Wọ́n fún mi ní káàdì: nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì.
Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó.
Mo mọ ìjókòó ṣe, Lọ́yà Ṣóètán.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó lẹ́wọ̀n Ìbarà
láìrí adájọ́ sójú.
Òkúta ni mo ń fọ́ jẹun ní Ọbańtokò,
wọ́n ní mo jí jẹnẹrétọ̀.
Jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún, títí dòní,
ojú mi ò tíì kàn án.

Lọ́jọ́ tí ẹ dé, bàtà yín ya ẹnu
bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀.
Mo wo bàtà náà, mo ní nínú ara mi pé
eléyìí gan-an ń wá ẹni tí yóò gba òun.
Ẹ béèrè orúkọ mi.
Wọ́dà ní, “Nọ́ńbà rẹ̀ ni—”
Ẹ ní, “Orúkọ ni mo béèrè.”
Ráímì Ṣóbándé.
Ẹ ní kí n tún un pè, kí àmì orí rẹ̀ má bàa ṣì,
ẹ sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ní kóòtù Ìsàbọ̀, iná lọ, fáànù dúró,
òógùn yín ń ro sórí fáìlì.
“Olúwa mi, ọkùnrin yìí ti san gbèsè tí kò jẹ.”
Ó tó. Aago méjì ọ̀sán, mo tún rí Sápọ́n.
Ẹ ra búrẹ́dì, ẹ bù ú sí méjì,
ẹ jẹ tiyín lórí ìdúró.

Nígbà tí ẹ ní ẹ fẹ́ du ipò,
èmi ni mo gun àkàbà
tí mo lẹ àwòrán yín láti Lafẹ́nwá dé Ìta-Òṣìn.
Òjò fa ọ̀kan ya ní Pànṣẹ́kẹ́, mo padà lọ lẹ̀ ẹ́.
Ìyàwó mi ní,
“Ẹni tó ń gbèjà ará ìta, bó bá wọlé tán,
ta ló kù níta?”
Mo ní kó panu mọ́.

Múfú ọmọ mi ló wà ní Ìbarà báyìí.
Ó di ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Ó dúró níwájú katapílà tó fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀.
Wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn mí.
N kò mọ̀wé púpọ̀,
ṣùgbọ́n mo mọ ìrù lẹ́tà yẹn, tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja:
òun ló wà lábẹ́ ìwé tó tú mi sílẹ̀.
Ọwọ́ kan náà.
Bóyá yíǹkì ló yàtọ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàtà yín ń bọ̀, ó ń dán,
kò lẹ́nu mọ́.
Ó dúró níwájú mi bíi pé ó fẹ́ rántí nǹkan.
“Bàbá, nọ́ńbà yín ńkọ́?”
Mo na káàdì. Ẹ wò ó. Ẹ dá a padà. Ẹ lọ.

Mo yá bírò lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó jókòó tì mí,
mo yí káàdì dojú dé,
mo kọ Ráímì Ṣóbándé sẹ́yìn rẹ̀,
tàmìtàmì.

Nọ́ńbà kejìlá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè.