Irin Tó Dúró Lódìkejì

Lẹ́yìn gáà Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí koríko ti bo ọ̀nà ọkọ̀,
bàbá tó bí ìyá mi, Bíò Ọláìtán, ní ojú irin tirẹ̀
lórí tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
tó fi bíríkì tì nídìí.
Kò fẹ̀ ju ẹní àdúrà méjì lọ.

Ọ̀pá agboòrùn ni réèlì rẹ̀;
agboòrùn mẹ́tàlá ló kú kí ọ̀nà náà tó yípo.
Ọparun tí a là tẹ́ẹ́rẹ́ ni igi ìdábùú.
Mọ́tò rédíò kásẹ́ẹ̀tì ló ń wa ọkọ̀,
rédíò tí ìyá mi ṣì ń bi wá léèrè ibi tó wọlé sí.

Ọ̀nà méjì ni, ọ̀kan àlọ, ọ̀kan àbọ̀,
ibi ìsọdá wà láàárín wọn
tí ọkọ̀ ń gbà kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì.
Níbẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ mi ti ń ṣubú.
Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.
Á dé oríta, á gbọn orí, á dojú bolẹ̀
bí ewúrẹ́ tó já sí kòtò.

Mo gbé fáìlì. Mo fá ṣóńṣó irin tó wà níbẹ̀,
mo tún un fá.
Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀pà.
Nígbà tó ṣe, ó ní: “Sídóní,
kí ni ọkàn ṣe fún ọ?”

Ọkàn ni àwọn Faransé tó kọ́ ọ níṣẹ́ ń pè é,
ibi tí réèlì méjì ti pàdé, tó mú bí ẹnu ọ̀kọ̀.
Irin méjì tó tẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ẹsẹ̀ ehoro lorúkọ tiwọn.
Mo wò ó títí: lóòótọ́, ehoro ni,
ó ti ká ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò tíì fò.

“Ọkàn gbọ́dọ̀ ní àlàfo,” ni bàbá wí.
“Bí o bá dí i pa, etí kẹ̀kẹ́ kò ní rí ọ̀nà kọjá.
Ṣùgbọ́n nínú àlàfo yẹn, kí ojú tó ṣẹ́,
kẹ̀kẹ́ kò ní ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Ibẹ̀ ló ti ń yà síbi tí a kò rán an.”

Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.
Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fọ́, tòsì kò mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́;
ìka ló fi ń ríran.
Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ibi tí mo ti fá.
Òdìkejì ló gbà lọ, sídìí réèlì tó kọjú sí i,
níbi tí irin kúkúrú kan sùn tì,
irin tí mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Ó ká ìdérí agolo sàdíìnì ní ìṣẹ́po méjì,
ó tì í bọ àárín irin kékeré àti réèlì.
Ìdérí ń mì bí eyín àgbà.
“Ó fẹ̀ jù. Ẹni tó ń ṣọ́ oríta kì í dúró lójú oríta.
Òun ni yóò fa kẹ̀kẹ́ ìhín lẹ́wù lẹ́yìn
kí ti ọ̀hún má baà ṣìnà.”

Ó sọ ti òru kan nígbà ìkórè òwú,
nígbà tó ṣì ń gbé fìtílà rìn lójú irin:
bóòtù mẹ́rin péré ló tú lára irú irin bẹ́ẹ̀,
wágọ́nù méje sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà,
òwú bo ilẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ òkè.
Àwọn ọmọdé jí, wọ́n ní yìnyín ló rọ̀.
Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibẹ̀.
Ta ló yẹ kó di bóòtù náà? Mi ò bi í.

A yọ́ òjé. A sún irin náà wọlé,
ìwọ̀n èékánná ọmọ ọwọ́.
Ọkọ̀ bọ̀, ó dé oríta, ó ní kẹ́ṣẹ́,
ó kọjá.

A kò hó. Bàbá bu ẹ̀pà fún mi.
Ìyá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, a kò mọ ìgbà tó dé.
Kò bèèrè rédíò.
Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó tún kọjá.”