Ìwé Àǹtí Oníwèé

Ẹ má tíì tan iná.
Ẹ dá fíìmù náà padà sẹ́yìn díẹ̀,
síbi tí ọmọ náà ti ń sáré bọ̀ láti Òkè-Àrẹ̀mọ.
Ẹ wo orúnkún rẹ̀: bándéèjì wà lósì.
Ó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, bándéèjì ti ṣí lọ sọ́tùn-ún.
Èmi ni mo so ó. Èmi náà ni mo gbàgbé.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí nìyẹn nínú “Ọdún Tí Mo Ga”:
kí n jókòó sórí àpótí lẹ́yìn kámẹ́rà,
ìwé lórí itan, bírò tí mo so mọ́ ọrùn,
kí n máa kọ ohun tó wà àti ibi tó wà,
kí ohun tó wà lánàá lè wà lọ́la.

Mo kọ ọ́: ife ẹ̀kọ gbígbóná, ó kún dé ìdajì.
Ẹ wò ó lórí tábìlì. Ó kún, ó gbẹ, ó tún kún,
àfi bí ẹni gbẹ́ kànga sí ìdí ife.
Mo kọ ọ́: aago ara ògiri, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Aago ò gbọ́ tèmi.
Ìyá bá ọmọ wí fún ìṣẹ́jú kan péré,
wákàtí márùn-ún ti kọjá lókè orí wọn.

Ewúrẹ́ funfun tó ń jẹ èèpo iṣu lágbàlá,
ẹ ò ní rí i mọ́. Ẹ má wulẹ̀ wá a.
Ọjọ́ Sátidé ni, owó oúnjẹ ti tán,
Sùnmọ́nù oníkámẹ́rà ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.
Ó wà nínú ìwé mi: “Ewúrẹ́: kò sí.”

Òjò tó ń rọ̀ ní Mọ́kọ́lá, omi àwọn panápaná ni;
lódìkejì títì, obìnrin kan ń sá aṣọ sóòrùn.
Mọrẹ́nikẹ́ tó ṣe ìyá, oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀,
ìdí nìyẹn tó fi ń gbé abọ́ ìfọṣọ kiri
tí kò sì fọ ẹyọ aṣọ kan.

Ó tó. Ẹ dúró níbí yìí. Ilẹ̀kùn.
Ọmọ náà dúró lóde, nílé ìyá àgbà rẹ̀ ní Bẹẹrẹ.
Orí rẹ̀ bá àmì ẹfun ara férémù dọ́gba.
Ó ti ilẹ̀kùn.
Ẹni tó wọlé fi ìka mẹ́rin ga ju àmì náà lọ.

Owó ló tán. Oṣù mẹ́sàn-án ni kámẹ́rà fi sùn
lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá Láníhùn ní Òkè-Àdó,
tí báǹkì ń sọ pé ká máa bọ̀ lọ́la.
Nígbà tí a tún pàdé, mo ṣí ìwé mi:
ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, bọ́tìnì kejì ti já,
bàtà rọ́bà, eruku lọ́rùn ẹsẹ̀.
Gbogbo rẹ̀ pé. Mo fi ọwọ́ ara mi já bọ́tìnì náà.
Ọláòṣebìkan la ẹnu, ó ní, “Ẹ kú ilé o,”
ohùn bàbá rẹ̀ ló jáde.

Ọ̀gá ní kó tẹ orúnkún díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.
Ó ń rẹ́rìn-ín, bàtà ń fún un lẹ́sẹ̀.
Mo ní kò bára mu, a ò lè lò ó.
Mọrẹ́nikẹ́ wò mí, ọmọ ti wà lẹ́yìn rẹ̀:
“Àǹtí Oníwèé,
ṣé ìwọ tó jáde nílé yín ló padà síbẹ̀?”

Láti ọdún yìí wá, ẹ̀ ń fi bándéèjì rẹ́rìn-ín,
ẹ̀ ń fi ife ẹ̀kọ pa ìtàn fún ara yín.
Kò sẹ́ni tó bi mí nípa ilẹ̀kùn.
Ìwé náà nìyí, abala kẹtàlélógún,
ibi tí ẹni tó ń gé fíìmù kà kó tó gé e:
“Ilẹ̀kùn. Ó bára mu.”
Bírò ni mo fi kọ ọ́.