Ìrírí Ọdún Mélòó

Lábúlé wa, orí igi àgbálùmọ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé.
Ẹ̀ka kẹta, ní ọwọ́ ọ̀sà,
ibi tí tanpẹ́pẹ́ kò ti ní jẹ́ kó o pẹ́.
Ibẹ̀ ni mo wà, ẹsẹ̀ kan lórí ẹ̀ka, ẹsẹ̀ kan nínú afẹ́fẹ́,
nígbà tí obìnrin kan pè mí láti Ẹ̀pẹ́
pé kí n wá lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀,
kí n mú ìwé ẹ̀rí dání, kí n wọ bàtà tó bo ọmọ ìka.
Mo ní, "Ẹ ṣé o, mà." Tanpẹ́pẹ́ ti ta mí létí.

Bàtà tó bo ọmọ ìka:
ti ìyàwó Lèmọ́mù nìkan ló wà, èyí tó fi ṣègbéyàwó.
Ó tóbi. Ìyá mi fi òwú ìrọ̀rí dí iwájú ẹ̀.
"Rọra máa rìn," ó ní, "kó má baà ṣáájú ẹ débẹ̀."

Bàbá ló wà mí lọ. Aago mẹ́rin ààbọ̀,
omi dúdú bí ìdí ìkòkò.
Òun ń wakọ̀, èmi ń gbọ́n omi,
ìwé mi nínú ọ̀rá méjì, nínú abọ́ oníderí, lórí itan mi.
A ò sọ̀rọ̀ títí a fi ré ọ̀pá àwọ̀n àwọn ará Ìlàjẹ kọjá.
Ó wá ní, "Bí wọ́n bá ní kó o jókòó, jókòó.
Má wò wọ́n lójú jù. Má wolẹ̀ jù náà."
Ibo wá ni kí n wò?
"Wo ìka ọwọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀."

Ilé yìnyín ni, létí omi.
Ọ̀gbẹ́ni Ọnàfọ́wọ́kàn, bírò létí, tíì tútù níwájú,
ń yẹ ìwé mi wò bí ẹni ń wá egungun nínú ẹja.
"Ìrírí ọdún mélòó lo ní?"

Mo fẹ́ sọ pé láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń gbọ́n omi ọkọ̀.
Mo fẹ́ sọ pé bí mo bá dijú, imú mi mọ ẹja àná.
Mo ní, "Kò sí, sà."

"Gbé agbọ̀n yẹn wò. Kílò mélòó?"
Apá mi dáhùn kí ẹnu mi tó là:
"Méjìdínlógún, bí omi ara ẹ̀ bá ti ro tán."
Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mẹ́rìndínlógún.
Ìka ọ̀gá tó ti ń lu tábìlì látàárọ̀
dákẹ́.
"O súnmọ́ ọn," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà lóṣù,
ìwé ńlá kan tí wọ́n fà nílà,
àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.
Ohun tí òṣùwọ̀n bá wí ni kí n kọ.
Lábúlé, wọ́n ń tò sídìí igi láti pè mí, wọ́n ń kí mi kú oríire;
ìyàwó Lèmọ́mù ní kí n má dá bàtà padà mọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Bàbá wọlé.
Ó dé fìlà tó fi ń kírun Jímọ̀.
Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, kò pe Mùnírátù,
ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, mà."
Òbòkún àti àrọ̀. Mo bá wọn gbé e:
mẹ́rìnlélógún.
Òṣùwọ̀n ní mọ́kànlélógún.
Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, tíì lọ́wọ́.
Bàbá kò wo òṣùwọ̀n. Kò mọ̀wé.
Ìka mi ló ń wò.

Mo kọ mọ́kànlélógún.

Nírọ̀lẹ́, òun ń wakọ̀, èmi ń gbọ́n omi.
A ré ọ̀pá àwọ̀n kọjá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ìgbà tí iná abúlé hàn ló tó bi mí pé,
"Bàtà yẹn, ṣé kò há ẹ lẹ́sẹ̀?"
Mo ní rárá.
Mo ní ó ṣì tóbi.