Gìtá Igi Òfì

Àwòrán kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi ní,
ojú ewé kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi wé ẹ̀pà wá láti Kàbà.
Epo ti mu ún lápá òsì,
a ò mọ̀ bóyá bọ́tìnì mẹ́ta ni tàbí mẹ́rin
ló wà lára gìtá òyìnbó onírun jàgànjàgàn náà.
Jùwọ́n wò ó títí. Ó ní, "Mẹ́ta."
Bó ṣe di mẹ́ta nìyẹn, ní Ìsánlú.

Wọ́n ní orin àpáta ni òyìnbó náà ń kọ.
Ìyá wa gbójú sókè wo òkè tó wà lẹ́yìn ilé,
ó ní, "Tiwa yìí ò kọrin fún mi rí.
Ọkọ́ mi nìkan ló ń ṣẹ́ sí i lára."

Igi ló kọ́kọ́ di wàhálà.
Ọ̀gánwó wọ́n, afárá rọ̀ jù,
ìrókò wúwo bí ẹjọ́ ilẹ̀.
Ni Jùwọ́n bá wọ yàrá ẹ̀yìn
níbi tí òfì Ìyá àgbà ti kọjú sí ògiri
láti ọdún tí a ti sin ín,
tí ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.
Ìyá wa ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kẹrin ó gbé ayùn ka orí àga:
"Má fọwọ́ kan ọ̀pá òkè. Ìyókù, ó kù sí ọ lọ́wọ́."

Sípóòkì kẹ̀kẹ́ Bàbá Sámánjà la fi ṣe ìlà ọrùn rẹ̀.
Ibo la ó kàn wọ́n mọ́? Àwòrán ò sọ.
Èmi ni mo ń kọ dò, rè, mí,
òun ń tẹ okùn, ó ń fi pẹ́ńsù sàmì.
Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀fìnkìn dí mi nímú.
Kò sẹ́ni tó rántí pé kí a dúró di ọ̀la.

Okùn bíréèkì ọ̀kadà, a tú u sí fọ́nrán.
Òòfà inú rédíò tó ti kú,
wáyà pupa inú fáànù tó jóná,
tó tín-ín-rín ju irun orí ọmọ tuntun lọ:
ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìgbà ni kó yí i ká, Jùwọ́n ní kí n máa kà.
Mo kà á kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́rin
kí ewúrẹ́ ilé Mẹ́tìbọ́ba tó ki ẹnu bọ gààrí wa.
Mo dìde. Nígbà tí mo padà, iye ti sá lọ.
Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àbọ̀,"
mo ń bá kíkà lọ bí olóòótọ́.
Títí di òní n kò tíì jẹ́wọ́.

Ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì la fi kùn ún.
Kò gbẹ dáadáa. Àtẹ́lẹwọ́ Jùwọ́n pupa fún ọ̀sẹ̀ kan.

Alẹ́ ọjọ́ tí a dán an wò, iná ò sí.
Bátìrì mọ́tò, rédíò Bàbá Sámánjà, wáyà méjì.
Ó kọ́kọ́ hó bí epo àkàrà,
ó dákẹ́,
Jùwọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i,
ohùn kan sì jáde tí ajá fi bọ́ sábẹ́ bẹ́ńṣì.
Òkè gbà á, ó sọ ọ́ padà sí wa,
ó lọ́ra, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.
Ìyá wa gbé fìtílà dání, kò sọ nǹkan kan.

"Kò jọ ọ́," ni Jùwọ́n wí.
Ojú rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà.
"Kò jọ tòyìnbó rárá."
Ìyá wa ní, "Ìyá àgbà náà kì í jọ ẹnì kan bó bá ń hun."
Ó lọ sùn.

Ó ń ta á lójoojúmọ́ báyìí, àwọn ọmọ ń pé wò ó.
Wọ́n ní ó dùn. Ó dùn lóòótọ́.
Àmọ́ bó bá ti dé ìlà karùn-ún, tí ohùn náà wálẹ̀ díẹ̀,
mo máa ń fọwọ́ nu imú mi.